Ẹ Má Ka Ìlú, Ibùsùn Ni Kí Ẹ Kà

Bí àgbàlagbà kan bá ti òkè òkun dé sí Àkúrẹ́, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn "ẹ kú àbọ̀" ni "Ìlú mélòó lẹ dé?" Kò sẹ́ni tí í béèrè bó ṣe sùn. Nígbà tí màmá wa ti Yúróòpù dé, ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ókè-Ìjẹ̀bú bá wọn dúpẹ́, ìbéèrè yìí náà ni wọ́n sì bi wọ́n. Màmá na ìka méje sókè: ìlú méje, orílẹ̀-èdè márùn-ún, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá! Ariwo ta, àfi bíi pé wọ́n jẹ tẹ́tẹ́.

Ìgbà tí a délé tí wọ́n bọ́ bàtà ni mo rí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe wú. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. Wọ́n ní, "Bọ́ọ̀sì ni mo rí o, ọmọ mi. Bọ́ọ̀sì àti ìpàkọ́ ẹni tó jókòó níwájú mi."

Èmi àti àwọn àbúrò mi la dá owó náà jọ nígbà tí wọ́n pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwa náà la sì yan ètò ọ̀hún. Méjì ni wọ́n kó síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ ìlú méjì, ìkejì jẹ́ ìlú méje, owó wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ta ni kò ní mú onílùú méje? Ìgbàgbọ́ òdì tí mo fẹ́ sọ nìyẹn: pé ìrìn àjò afẹ́ tó bá kan ìlú tó pọ̀ jù lowó rẹ̀ tó owó, àti pé bó bá ṣáà ti jẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá ló ń gbé àgbà kiri, tí afinimọ̀nà wà níwájú, ara àgbà ti tù nìyẹn.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti ń wá. Físà Schengen kan ṣoṣo ló ń ṣí ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù, Faransé, Jámánì, Ítálì àti Switzerland wà nínú wọn. Ẹni tó ti kó ìwé báńkì àti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì kúrò l'Ákùúrẹ́ lọ sí Èkó nítorí físà, tó sanwó, tó fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan retí ìdáhùn, yóò rò pé òmùgọ̀ ni òun bí òun bá wọ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ fún àlejò kò ní kó wọ gbogbo yàrá.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ mẹ́wàá màmá wa. Àkúrẹ́ sí Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n kúrò nílé láàárọ̀ kùtù, wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú n'Íkẹjà lọ́sàn-án, bàálù gbéra lóru. Ó lé ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Paris láàárọ̀. Bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wọ́n. Ṣé òtẹ́ẹ̀lì ló gbé wọn lọ? Rárá o. Òtẹ́ẹ̀lì kì í sábà fúnni ní yàrá kó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, nítorí náà wọ́n ń fi wọ́n yí ìlú ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ìwé ètò, "ìrìn yíká Paris" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì dùn ún kà. Ẹni tí kò fi ẹ̀yìn kan ibùsùn láti àná ni wọ́n ń fi ilé ìṣọ́ Eiffel hàn.

Àwọn kan á ní ìyàtọ̀ aago ló ń rẹ àgbà. Kì í ṣe ní Yúróòpù yẹn. Aago Nàìjíríà àti ti Paris tàbí Róòmù kì í fi ju wákàtí kan lọ síra, nígbà mìíràn ọgbọọgba ni wọ́n. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀. Ohun tó rẹ màmá wa ni pé ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó, àti pé láti ìgbà náà lọ wọn ò sùn sórí ibùsùn kan ju òru kan lọ, àfi ní Róòmù tí wọ́n ti sùn ní méjì.

Kò yé àwa tó ra ètò náà rárá. Ìlú méje túmọ̀ sí dídi ẹrù nígbà méje. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni báàgì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Aago mẹ́rin ni màmá ń jí, nítorí ẹni àádọ́rin ọdún kì í wẹ̀, kó gbàdúrà, kó wá ìgò ojú rẹ̀, kó sì di ẹrù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó ní ìràwọ̀ mẹ́rin, òkùnkùn ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́, òkùnkùn náà ni wọ́n ń jáde níbẹ̀. Kí ni ìràwọ̀ mẹ́rin ń ṣe fún ẹni tó ń sùn?

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì. Láti Paris sí Lucerne ní Switzerland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 kìlómítà, ìyẹn bíi kéèyàn lọ Èkó láti Àkúrẹ́ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì sinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tó bá ti wà á. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n awakọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kò sọ nǹkan kan nípa ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀. Wọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bọ́ọ̀sì tiwọn pa. Èyí tó wà ní ibùdó ẹ̀bá ọ̀nà, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn méjìdínláàádọ́ta ló sì ń tò síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni màmá wa wá ṣe? Wọn ò lo oògùn wọn mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko! Wọ́n sì tún dín omi mímu kù. Ìgbà tí dókítà wọn n'Álágbàká wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ló tó jẹ́wọ́ jáde lẹ́nu wọn. Dókítà ní bí wọ́n bá ti béèrè kí wọ́n tó lọ, òun ì bá ti yí àsìkò tí wọ́n ń lo oògùn náà padà fún wọn, láìjẹ́ pé wọ́n pa á tì.

Ẹsẹ̀ tó wú náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2007 pé bí èèyàn bá jókòó sójú kan rìnrìn àjò fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan rẹ̀ ń di bí ìlọ́po méjì. Ewu náà ṣì kéré, bí ẹnì kan nínú 6,000, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàálù nìkan ni wọ́n ń bá wí. Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń dìde rìn, tó ń ká ẹsẹ̀ tó ń nà án, tó sì ń mu omi, ó ti dín in kù. Ẹ wá wò ó: omi yẹn gan-an ni màmá ń sá fún.

Èkejì nínú ìgbàgbọ́ òdì náà ni pé bí bọ́ọ̀sì bá ti wà, kò sí ìrìn ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá kì í wọ àárín gbùngbùn Róòmù tàbí Florence wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n á já yín sílẹ̀ lókèèrè, afinimọ̀nà á gbé àsíá kékeré sókè, á sì máa lọ. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ìgboro, kì í ṣe ọ̀dà. Venice ní tirẹ̀, mọ́tò kankan kì í wọ inú ìlú àtijọ́ yẹn. Omi àti afárá ló kúnbẹ̀, afárá náà lé ní 400, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní àtẹ̀gùn.

Àwa ará Ondó ní ohun tí a lè fi wọn èyí. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Ta ló máa mú ìyá ẹni àádọ́rin ọdún gun ibẹ̀ lẹ́yìn òru tí kò sùn? Kò sí. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn 551 ló dé orí òrùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, ẹni tó bá sì sanwó lífítì ṣì máa fi ẹsẹ̀ gun 320. Ní Petra, ìlú àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta lórílẹ̀-èdè Jọ́dánì, tí àwọn tó ń lọ gba JP ní Jerúsálẹ́mù máa ń fi kún tiwọn, ojú ọ̀nà tóóró tó gba àárín àpáta wọlé gùn ju kìlómítà kan lọ, àtẹ̀gùn tó sì lọ sí ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sókè pátápátá lé ní 800. N kò ní kí àgbà má lọ Petra. Ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé ìṣúra tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò kò ní àtẹ̀gùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé kẹ́ ẹ fi Ìdànrè wọn ibikíbi tí wọ́n bá dárúkọ kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Nínú ìwé ètò tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí pé ẹ ó *wo* ibì kan, òmíràn túmọ̀ sí pé ẹ ó *wọ* ibẹ̀. Lédè tiwa, àmì kín-ún tó wà nísàlẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ètò màmá wa, Colosseum, pápá ìṣeré ńlá àtijọ́ tó wà ní Róòmù, jẹ́ wíwò. Bọ́ọ̀sì rọra kọjá, gbogbo wọn bojú wo ojú fèrèsé, ó parí. Owó ìwọlé wà lórí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, àsìkò sì rèé, kò sí.

Báwo ni kéèyàn ṣe wá yàn án? Èmi ti ṣíwọ́ kíka ìlú. Mo máa ń ka òru, mo yọ èyí tí wọ́n máa lò nínú bàálù kúrò, mo wá fi iye ibùsùn pín in. Bí ó bá dín ní òru mẹ́ta sí ibùsùn kan, kì í ṣe tàgbà. Ó wù yín ẹ bá mi jiyàn, bóyá ìyá tiyín le ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa béèrè iye wákàtí tó wà láàárín ìgbọ̀nsẹ̀ kan sí òmíràn, bóyá lífítì wà ní òtẹ́ẹ̀lì, nítorí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Yúróòpù ni kò ní, àti bóyá ọjọ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó máa pe ẹnikẹ́ni síta. Ẹni tó ń ta ètò tí kò lè dáhùn èyí, kò tíì rìn ín rí. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó béèrè. L'Ámẹ́ríkà, Road Scholar, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́dún 1975 lórúkọ Elderhostel, máa ń sọ lábẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan bí ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò náà wà níbẹ̀. Físà Schengen ní kó lè san ó kéré tán 30,000 Yúrò, àwa sì ra èyí tówó rẹ̀ kéré jù kí físà ṣáà lè jáde. Ìwé tó tẹ́ ẹ́ńbásì lọ́rùn lè máà tẹ́ ilé ìwòsàn lọ́rùn o. Ọ̀pọ̀ adójútòfò kì í san owó àìsàn tó ti wà lára ẹni tẹ́lẹ̀ tí a kò sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí i, ẹ kọ àtọ̀gbẹ sí i, kódà bówó rẹ̀ bá gòkè.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbà ní pápákọ̀ òfurufú wá ńkọ́? Orúkọ tí a sọ ọ́ ló bà á jẹ́. "Kẹ̀kẹ́ arọ" ni a pè é, màmá wa sì ní, "Ta ló yarọ?" Wọ́n fi ẹsẹ̀ rin gbogbo pápákọ̀ náà pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. Ọ̀fẹ́ ni. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2006 sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, bí a bá ti sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù ní wákàtí 48 ṣáájú. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sábà máa ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ìlà gígùn kọjá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fi tan màmá tí wọ́n fi gbà.

Nítorí wọ́n tún lọ, ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti lọ sùn sílé àbúrò mi l'Ékòó. Ítálì nìkan ni: òru márùn-ún ní Róòmù, mẹ́ta ní Florence, ọkọ̀ ojú irin tó ń fi wákàtí kan àbọ̀ sáré ló so méjèèjì pọ̀. Wọ́n wọ Colosseum, wọ́n sì gun lífítì rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ní igun òpópónà wọn ti ń kí wọn kí wọ́n tó kí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti ń bá wọn tọ́jú èyí tí kò gbẹ jù.

Nígbà ìdúpẹ́, wọ́n bi wọ́n ní ìlú mélòó. Màmá ní méjì. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹlẹ́búrẹ́dì, bí ó ṣe ń ká irun ẹnu rẹ̀ bó bá fẹ́ ka owó, àti ìjókòó òkúta kan ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń jókòó sí lójoojúmọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì tètè parí. Nígbà tí a ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ rọra fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ṣé kò sí o? Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ yín lọ́tẹ̀ yìí ni?"