Ṣéńjì tó lé: bí òye rere àti búburú ṣe ń dàgbà nínú ènìyàn

Wọ́n rán ọmọ ọdún 5 kan lọ ra ata ní ọjà Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá aláta ṣi owó kà, ó fi náírà 200 lé ṣéńjì. Ọmọ náà dá a padà. Ọmọ ọdún 9 lè dá owó yẹn padà, ọmọ ọdún 16 lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni 40 ọdún àti ìyá àgbà tó ti lé ní 80. Ẹni tó bá dúró ní ìsọ̀ kejì tó ń wò wọ́n á ní ìwà kan náà ni wọ́n hù. Ṣùgbọ́n tí a bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi dá a padà, ẹnu wọn ò ní kò. Ibi ìdáhùn yẹn la ti ń mọ bí ìwà ṣe ń dàgbà.

Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ òfin kankan. Ní ọdún 2006, Felix Warneken àti Michael Tomasello, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọmọdé, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ oṣù 18. Bí àgbàlagbà bá ń na ọwọ́ sí nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, ọ̀pọ̀ ọmọ yìí á lọ mú un wá fún un, láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Ìyá tó ń ro ìkọ́kọrẹ́, tí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti rí i bẹ́ẹ̀ rí. Orí ohun tí ọmọ bá wáyé yìí ni ẹ̀kọ́ ilé ń gùn lé. Ara ló sì kọ́kọ́ ń gba ẹ̀kọ́ náà: kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀, má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Eékún ti mọ ilẹ̀ ná kí ọkàn tó mọ ìdí tí a fi ń kúnlẹ̀.

Ọmọ ọdún 5 wa dá owó padà nítorí pé màmá á nà án. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bí òye rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn. Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí òye ọmọ ṣe ń dàgbà, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1932. Ó sọ ìtàn méjì fún àwọn ọmọdé. Ọmọ kan ti ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ife wà lẹ́yìn rẹ̀, ife 15 sì fọ́. Ọmọ kejì ń jí nǹkan dídùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé, ó sì fọ́ ife kan ṣoṣo. Èwo ló burú jù? Àwọn tó kéré jù sábà máa ń ní ẹni tó fọ́ 15 ni. Iye ife ni wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀ sí i ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ló wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é.

Piaget tún rí i pé àwọn ọmọ yìí gbà pé ìyà ń gbé inú ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ọmọ kan bá jí èso, tí afárá wá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń sá lọ, wọ́n á ní olè tó jà ló fà á. Ó jọ pé àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọn kì í sọ fún ọmọ ọdún 6 pé, “Má súfèé lálẹ́, o ò ní jẹ́ káwọn ará ilé sùn.” Wọ́n á ní, “Ejò á wá.” Bí ọ̀pọ̀ èèwọ̀ ilé ṣe rí nìyẹn. Ìdí gidi wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí ọmọ lè gbé ni wọ́n dì fún un. Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn òbí mìíràn kì í tú ẹrù náà mọ́ nígbà tí ọmọ bá dàgbà. Ọmọ á wá rí i lọ́jọ́ kan pé òun súfèé, ejò ò wá, á sì da ejò àti ọ̀wọ̀ nù pọ̀.

Ọmọ ọdún 9 ní tirẹ̀ á ní, “Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gba owó mi ńkọ́?” Ibi eré ló ti kọ́ èyí. Tí àwọn ọmọbìnrin bá ń ta súwè, tí ọ̀kan pariwo pé “O ti tẹ ìlà!”, kò sí àgbà níbẹ̀ tó máa dá ẹjọ́. Àwọn fúnra wọn á jiyàn, wọ́n á sì fẹnu kò, torí tí wọn ò bá fẹnu kò, eré ti bàjẹ́ nìyẹn.

Láti bí ọdún 12 lọ, ojú àwọn ẹlòmíràn máa ń di dígí. Ọmọ ọdún 16 á ní, “Kí ni wọ́n á ní mo jẹ́?” Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, “Ọmọ ta ni ẹ́?”, máa ń wọ̀ ọ́ lára ní àkókò yìí ju ti ìgbàkígbà lọ. Lawrence Kohlberg, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe àlàyé ibi yìí jù. Ó sọ fún àwọn ọmọkùnrin pé ìyàwó ọkùnrin kan ń kú lọ. Oògùn tó lè wò ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí owó tó ná lórí rẹ̀ kò ju dọ́là 200 lọ, àmọ́ tó ń tà á ní 2,000. Ọkọ yá owó kiri, ìdajì péré ló rí. Ṣé kí ó lọ jí i? Kohlberg kò wo bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí ni òun náà ń wá. Ó pín àwọn ìdí sí ìpele mẹ́fà: ìbẹ̀rù ìyà àti èrè ni méjì àkọ́kọ́, orúkọ rere àti òfin ìlú ni méjì àárín, àdéhùn láàárín ènìyàn àti ìlànà tí ẹ̀rí ọkàn fúnra rẹ̀ yàn ni méjì òkè. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àárín ni wọ́n ń dúró sí.

Ní Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé ní ìpele àárín yẹn, níbi tí orúkọ rere ti jẹ́ ìdí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn kò jìnnà síra, tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà (tó jọba láti 1960 di 2025) tún jí dìde, ti di ilé-ẹ̀kọ́ ìwà fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú nípa òun níwájú àwọn ojúgbà. Ó ń fa owó jáde fún ìdàgbàsókè ìlú, ó ń bá olóyè yọ̀, ó ń bá ẹni ọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n okùn kan náà ló ń fa ẹlòmíràn lọ yáwó ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ ò tíì pé. Ẹni tó bá ń fi ojú ẹgbẹ́ wo ara rẹ̀ nìkan, ohun tí ẹgbẹ́ bá pè ní rere ni rere rẹ̀.

Carol Gilligan, tó bá Kohlberg ṣiṣẹ́, ṣàtakò ní ọdún 1982. Ọmọkùnrin nìkan ni Kohlberg fi bẹ̀rẹ̀, ó ní, torí náà ó fi òfin àti ẹ̀tọ́ ṣe òkè àtẹ̀gùn, ó sì gbàgbé ìtọ́jú ẹni. Òtítọ́ ni. Ẹni 40 ọdún tó dá náírà 200 padà lè má ronú nípa ìlànà kankan. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé ìyá yẹn ni yóò fi owó ara rẹ̀ dí i fún ẹni tó gbé ọjà fún un.

Òye ti ẹ̀sìn náà ń dàgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹ̀sìn kan ló ju èkejì lọ. James Fowler, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn, ṣe àlàyé ní ọdún 1981 pé bí ènìyàn ṣe di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ló ń yí padà. Ọmọdé gba ìtàn bó ṣe rí. Ọ̀dọ́ gba ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè ń dé: ṣé tèmi ni èyí, àbí ti bàbá mi? Ní ilẹ̀ yìí, ìbéèrè náà kì í pẹ́ dé, torí pé nínú agboolé kan, bàbá àgbà lè máa kírun, kí ìyá máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹbí sì ti ilẹ̀kùn nígbà tí Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú, bá ń kọjá.

Ènìyàn méjì láti Rẹ́mọ, láti inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, fi èyí hàn. Josiah Ọ̀ṣítẹ́lù ti Ògèrè jẹ́ tíṣà nínú ìjọ Áńgílíkà kí ìran tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí i ní 1925. Ní 1930 ó dá ìjọ Aládùúrà tirẹ̀ sílẹ̀. Táí Ṣólàrín, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1922, sọ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, ó sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara wọn dáko. Ibi tí wọ́n dé jìnnà síra bí ọ̀run àti ilẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: àwọn méjèèjì kọ̀ láti gbé ìgbàgbọ́ àyálò. Ẹni tó sì ń wí pé kò sí ìwà rere láìsí ẹ̀sìn ní láti wá ibi tó máa fi Ṣólàrín sí.

Ọjọ́ orí nìkan kì í gbé ènìyàn gun òkè. Ẹni 60 ọdún wà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Fún àwọn tó dàgbà ní tòótọ́, Erik Erikson, onímọ̀ nípa ìgbésí ayé ẹ̀dá, ní iṣẹ́ méjì ló kù: láti ìdajì ọjọ́ ayé, kí wọ́n tọ́jú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ní òpin, kí wọ́n lè wo ayé tí wọ́n ti lò láìkábàámọ̀. Òṣùgbó àtijọ́, ìyẹn Ògbóni ti Ìjẹ̀bú, mọ èyí. Àgbà ni wọ́n ń wá sí Ilédì, ilé ìpàdé wọn, láti dá ẹjọ́, ilẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí wọn. Ìyá àgbà wa tó dá náírà 200 padà kò tilẹ̀ ronú sí i; ọwọ́ rẹ̀ ti nà kó tó sọ̀rọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wọlé ló ń pẹ́ jáde jù. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé bá mú arúgbó, ó lè má mọ orúkọ ọmọ tó ń fún un ní oúnjẹ mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ Fátíà tó kọ́ ní ilé-kéwú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6, tàbí orin ìsìn tí wọ́n ń kọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó lè bá a parí rẹ̀, láìfo ọ̀rọ̀ kan.