Owó Onírin Tí Ọmọ Ogun Fín Orúkọ Sí: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ojúlówó

Bí owó onírin àtijọ́ kan bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí wọ́n ti ha ojú rẹ̀ kan títí tó fi dán, tí wọ́n wá fín orúkọ, nọ́ńbà àti ẹgbẹ́ ogun sí i, ẹ má tíì ka orúkọ yẹn. Orúkọ ló rọrùn jù fún oníjìbìtì, nítorí àkọsílẹ̀ àwọn tó kú lójú ogun wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Irin fúnra rẹ̀, ipa tí ohun ìfín fi sílẹ̀, àti bí lílò ṣe jẹ ẹ́, ìyẹn ló ṣòro láti parọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí wà tí ọmọ ogun fi ń ṣe é. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àmì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń fi kọ́rùn. Bó bá kú, wọ́n á yọ ọ́ lọ fún àkọsílẹ̀, òkú á sì wà níbẹ̀ láìní orúkọ. Ní 1916 ni wọ́n sọ ọ́ di méjì, èyí aláwọ̀ ewé tó ní igun mẹ́jọ àti èyí pupa tó rí róbótó. Ṣùgbọ́n fáíbà (ohun tó dà bíi páálí líle) ni wọ́n fi ṣe wọ́n, fáíbà sì máa ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹni tó mọ èyí á mú kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí owó idẹ Faransé tó wà lápò rẹ̀, á fín orúkọ ara rẹ̀ sí i, á so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ́. Kì í ṣe inú yàrà ogun ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ o. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Faransé ń fín in gba owó, nítorí náà iṣẹ́ tó mọ́ rekete kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni.

Ẹ wá kálípà (ohun tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan) àti òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù. Kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onídẹ, láti 1860, fẹ̀ tó mìlímítà 30.8, ó sì wúwo tó gíráàmù 9.4. Owó Faransé alámì 10 centimes fẹ̀ tó mìlímítà 30, ó wúwo tó gíráàmù 10. Ẹ́pìnì Gẹ̀ẹ́sì (ààbọ̀ kọ́bọ̀) jẹ́ 25.5 àti 5.7, ṣílè kan jẹ́ 23.6 àti 5.7. Fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin máa ń dín ìwúwo rẹ̀ kù, nítorí náà fífẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbára lé. Bí wọ́n bá ní kọ́bọ̀ ni wọ́n ha lójú, tí ó sì wúwo tó 9.4 gẹ́lẹ́, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí irin tí wọ́n ha kúrò wà.

Ọdún tó wà lẹ́yìn owó kò sọ ìgbà tí wọ́n fín in. Ohun tó ń sọ ni pé ìfín náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Kọ́bọ̀ 1897 lè gba orúkọ ní 1916, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ 1919 kò lè jẹ́ ti ẹni tó kú ní 1917. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí Ọba George V, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí owó ní 1911, kò lè wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ní ó ti ogun Boer ti 1899 sí 1902 bọ̀.

Ẹ wá gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe wá láti òkè. Ohun ìfín alágbẹ̀dẹ máa ń gé irin jáde: ipa rẹ̀ rí bíi lẹ́tà V, ó tín-ín-rín níbi tó ti wọlé, ó fẹ̀ sí i níbi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ìṣó tàbí ẹnu ọ̀bẹ kì í gé irin jáde, ńṣe ló ń tì í sí ẹ̀gbẹ́; ẹ ó rí irin tó ga díẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì ìlà náà, bí ẹ bá fi èékánná rìn ín, á kọ́ ọ. Àwọn mìíràn ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbá àmì tótòtó títí yóò fi di lẹ́tà. Àwọn kan sì ń fi òòlù gbá irin lẹ́tà: gbogbo A á rí bákan náà, ìlà á wọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn owó á sì tẹ̀ pẹrẹsẹ ní ọ̀kánkán lẹ́tà, nítorí ohun líle tí wọ́n gbé e lé.

Dírílì kékeré oníná yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ ipa rẹ̀ kì í mú, ó sì máa ń gbọ̀n, nítorí náà ẹ ó rí àpá kéékèèké bí àtẹ̀gùn nínú ìlà kan ṣoṣo. Lésà ń jó etí lẹ́tà, jíjìn ìlà á sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ọwọ́ ènìyàn kì í lè ṣe. Èyí tí wọ́n yọ́ dà máa ń ní ihò wínníwínní, etí lẹ́tà rẹ̀ kì í mú.

Àwọ̀ búráùn tàbí dúdú tí idẹ ń ní gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà bó ti wà lórí. Bí inú ìlà bá pupa tó ń dán, tí ojú yòókù sì dúdú, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in ni. Ẹ wo ihò tí wọ́n lu sí i láti fi so ó kọ́ pẹ̀lú. Òrùka máa ń jẹ ihò lápá òkè títí á fi gùn díẹ̀. Ti ọrùn ọwọ́ ní ihò méjì, apá ìta ni wọ́n ti máa ń jẹ. Ihò tó rí róbótó, tí etí rẹ̀ ṣì mú, kò tíì gbé ẹ̀wọ̀n kankan rí.

Nísinsìnyí, ẹ lè kàwé. Nọ́ńbà, ipò, orúkọ, ẹgbẹ́ ogun, lẹ́yìn náà ẹ̀sìn: C.E. ni Áńgílíkà, R.C. ni Kátólíìkì, WES. ni Mẹ́tọ́díìsì. Ibí ni àṣírí ọ̀pọ̀ ayédèrú ti ń tú. R.F.A. ni àwọn oníbọn ńlá. GNR (gunner) tàbí DVR (driver) ni ipò ọmọ ogun kékeré wọn, kì í ṣe PTE (private). Ti R.E., ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, ni SPR (sapper). Kò sí M.G.C., ẹgbẹ́ oníbọn arọ̀jò-ọta, ṣáájú oṣù kẹwàá 1915. R.F.C., ẹgbẹ́ ogun ojú òfurufú, di R.A.F. ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1918. Ipò GDSM (guardsman, ti ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba) kò sí títí di oṣù kọkànlá 1918. Nọ́ńbà tó ní díjíìtì méje jẹ́ ti ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1920. Ṣáájú ìgbà náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ka nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà kan náà sì lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nọ́ńbà, orúkọ àti ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu pọ̀.

Fún àwọn ohun tó bá kan ilé tiwa: ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, W.A.F.F., kò gba lẹ́tà R síwájú orúkọ rẹ̀ títí di 1928. R.W.A.F.F. pẹ̀lú 1914 sí 1918 kò lè jóòótọ́. Nínú ogun Bóma, NA/ ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà ọmọ Nàìjíríà. Kọ́bọ̀ tiwa ti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ní ihò láàárín láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ẹ má fi ihò yẹn ṣe ẹ̀rí pé ẹnìkan fi kọ́rùn.

Ti Amẹ́ríkà, nínú ogun abẹ́lé wọn, wọ́n máa ń lo owó fàdákà, irú bí ààbọ̀ dọ́là: mìlímítà 30.6, gíráàmù 12.4. Ọ̀gágun Hooker, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun ìhà Àríwá, ló pa á láṣẹ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1863 pé kí ẹ̀ka ogun kọ̀ọ̀kan ní àmì: róbótó fún ìkínní, ewé mẹ́ta fún ìkejì, dáyámọ́ńdì fún ìkẹta. Ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ka tí àmì náà ń tọ́ka sí. Ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rí bíi C, kò ní ohun tí ń tì í. Owó fàdákà kékeré tó ní lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, láìsí ẹgbẹ́ ogun, ẹ̀bùn olólùfẹ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀dà àwọn káàdì àmì-ẹ̀yẹ Ogun Àgbáyé Kìíní wà ní National Archives (ilé àkọsílẹ̀ ìjọba) tó wà ní Kew. Bọ́ǹbù jó èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì ìwé àwọn ọmọ ogun náà ní 1940, nítorí náà kí fáìlì má sí kò túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà kò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi Brasso, ohun tí a fi ń dán irin, kàn án. Àwọ̀ tó wà nínú ìlà ni ẹ̀rí yín; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fífọ̀ ń gbà láti pa á rẹ́. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ padà di omi, ni kí ẹ lò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ fi aṣọ tẹ omi kúrò lára rẹ̀ láìfi nù ún. Inú àpòòwé bébà ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí: ọ̀rá PVC rírọ̀ máa ń mú kí idẹ yọ ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, ó sì ń jẹ lẹ́tà.