Kí ẹ tó gbé àwòrán aṣọ orí pèpéle wá fún aránṣọ

Nígbàkígbà tí àwọn ìfihàn oge ńláńlá bá ti parí, mo ti mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọn yóò na àwòrán kan sí mi, wọn yóò sì ní, "Àǹtí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ yìí ni mo fẹ́ o." Bí mo bá béèrè aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi rán an, wọn yóò fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì, aṣọ tó sì wà nínú rẹ̀ kò ní bá ti inú àwòrán tan rárá. Bí kò bá le jù, yóò fẹ́lẹ́ jù, bóyá ni yóò sì tó. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè máa fi han ẹni tó bá tún ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìgbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọn ìfihàn mẹ́rin tí gbogbo ayé ń wò ni ti New York, London, Milan àti Paris, bí wọ́n sì ṣe máa ń tẹ̀ léra nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kejì wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, aṣọ ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ń hàn. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kẹsàn-án wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, aṣọ ìgbà ìrúwé àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e ni. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló máa ń wà láàárín pèpéle tí àwọn mọ́dẹ̀lì ti ń fi aṣọ hàn àti ọjà, nítorí pé àwọn tó ń kó aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù ní láti yan èyí tí wọ́n fẹ́, kí àwọn tó ń rán an sì rí àyè rán an. Aṣọ ọkùnrin sábà máa ń ní ìfihàn tirẹ̀ ní oṣù Kìíní àti oṣù Kẹfà. Haute couture ti ìlú Paris, ìyẹn aṣọ àrà tí àwọn ilé aránṣọ ńláńlá ibẹ̀ ń rán, tún dá dúró, ní oṣù Kìíní àti oṣù Keje. Òfin ilẹ̀ Faransé ló ń dáàbò bo orúkọ yẹn láti 1945, ilé tó bá sì fẹ́ jẹ́ ẹ lóde òní gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán aṣọ 25 hàn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa rán an fún oníbàárà ní ìwọ̀n ara rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí kò kéré.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó rí kóòtù onírun àgùntàn tó nípọn nínú àwòrán oṣù Kejì, tó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ṣi oṣù kà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí òtútù kì í ti í mú ló ń gbé, kò sí ọjọ́ tí kóòtù náà yóò bọ́ sí fún un.

Ohun kan tún ń dùn mí, ìyẹn bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fojú kékeré wo ara yín níwájú àwọn dìsáínà, bí ẹni pé òkè ọ̀run ni àṣà tó lòde ti ń já bọ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ti gun orí pèpéle, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín ló ti wá. Ní 1960, nígbà tí dìsáínà tó ń jẹ́ Yves Saint Laurent ṣì ń ṣe ọ̀gá nílé aránṣọ Dior ní Paris, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ní apá òsì odò Seine ló wò, tó fi gbé jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí a fi awọ rán àti súwẹ́tà ọlọ́rùn gíga wọ ilé tí àwọn ìyá olówó ti ń rán aṣọ òde. Inú àwọn oníbàárà náà kò dùn sí i rárá. Nígbà tó di 1966, tó ti ní ilé tirẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí a ti rán sílẹ̀, orúkọ apá odò yẹn kan náà, Rive Gauche, ló sì kọ sí iwájú rẹ̀. Mary Quant, dìsáínà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìyá síkẹ́ẹ̀tì péńpé, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àwọn ọmọbìnrin òpópónà King's Road nílùú London ló dá a sílẹ̀. Ẹ wo pèpéle bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wò ó bí ẹrú.

Ẹ sì má ṣe gba gbogbo ohun tí àwòrán bá sọ gbọ́. Ara mọ́dẹ̀lì kan ni wọ́n ran aṣọ inú rẹ̀ mọ́, mọ́dẹ̀lì náà sì sábà máa ń ga ju ẹ̀yin tó ń wò ó lọ dáadáa. Aṣọ tí Christian Dior, ẹni tó dá ilé Dior sílẹ̀, fi hàn ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1947, èyí tí wọ́n ń pè ní Bar, ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi lórí fóònù títí di òní: jákẹ́ẹ̀tì sẹ́dà tó fún mọ́ ìbàdí, lórí síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó gbòòrò. Ìbàdí tóóró yẹn ni gbogbo ayé ń rí. Tìmùtìmù tí wọ́n fi kún ìgbáròkó jákẹ́ẹ̀tì náà láti inú, àti ọ̀pọ̀ yáàdì aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀ sínú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ló sọ ìbàdí di tóóró lójú. Ẹni tó bá mú yáàdì méjì wá, tó ní kí n fi ṣe irú rẹ̀, kò tíì wo àwòrán tó mú wá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni bí òwú ṣe rìn nínú aṣọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ká a. Gbogbo aṣọ tí a fi òfì tàbí ẹ̀rọ hun, òwú méjì ló wà nínú rẹ̀. Òwú òòró ń bá etí aṣọ lọ, òun ni wọ́n ta le kankan sójú ẹ̀rọ kí híhun tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í nà. Òwú ìbú ń gba àárín rẹ̀ kọjá láti etí kan dé èkejì, ó sì máa ń nà díẹ̀. Ẹ mú áńkáṣíìfù kan, kí ẹ fà á ní òòró: yóò dúró gbọn-in. Ẹ fà á ní ìbú: yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá di igun rẹ̀ méjì tó kọjú síra mú, kí ẹ fà á: áńkáṣíìfù náà yóò gùn, àárín rẹ̀ yóò sún, yóò máa rọ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé kì í ṣe òun ni ẹ fà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà ìdábùú yìí, tó gba àárín gbùngbùn òòró àti ìbú kọjá, ni àwa aránṣọ ń pè ní bias. Madeleine Vionnet, dìsáínà kan nílùú Paris, ló sọ ọ́ di ohun àrà láàárín 1920 sí 1939. Lára ọmọlángidi onígi kékeré ló ti máa ń da aṣọ kó tó di pé ó gé e ní ìwọ̀n ènìyàn.

Kaba inú àwòrán tó ń ṣàn bọ̀ láti èjìká, tó gba ara mọ́ra láìní síìpù, tí kò sì há ẹni tó wọ̀ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bias ni wọ́n fi gé e. Bí a bá gé kaba kan náà ní òòró, nínú aṣọ kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, kò ní ṣàn. Yóò dúró gàn-ùn-gàn-ùn níbi tó yẹ kó ti rọ̀, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sì jókòó, ojú rírán ni yóò ru gbogbo ìfà náà. Bias sì máa ń jẹ aṣọ púpọ̀, nítorí pé a kò lè to àwọn abala rẹ̀ mọ́ra wọn lórí tábìlì; ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ fi yáàdì kún un, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣẹ́ aṣọ yín kù. Lẹ́yìn tí a bá rán an tán, a gbọ́dọ̀ fi kọ́ ó kéré tán títí di ọjọ́ kejì kí a tó ṣẹ́ etí rẹ̀, nítorí pé ìwúwo aṣọ náà yóò fà á wálẹ̀, ibì kan yóò sì wálẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ṣẹ́ etí bias lọ́jọ́ tó gé e, ẹ máa bojú wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ti kaba òde nìkan. Ẹ wo ṣòkòtò tí ẹ wọ̀ sí kíláàsì: bí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń yí bọ̀ níwájú ojúgun, tí ẹ̀ ń fi ọwọ́ dá a padà tó tún ń yí, ẹsẹ̀ yín kọ́ ló wọ́. Ẹni tó gé e ló tẹ́ pátánì rẹ̀, ìyẹn bébà tí a fi ń gé aṣọ, ṣégè sórí aṣọ, kò tẹ̀ lé ìrìn òwú.

Èyí ló mú mi bínú sí àwọn kan tó ń fi fídíò kúkúrú kọ́ yín pé ẹ lè ṣe aṣọ pèpéle láàárín wákàtí kan: ẹ ká aṣọ sí méjì, ẹ fa ìlà yíká ara yín, ẹ gé e, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀. Wọn kì í fi aṣọ náà hàn yín lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ta pólíẹ́sítà ní orúkọ sẹ́dà náà kò dára jù wọ́n lọ. Ẹ yọ òwú díẹ̀ ní etí aṣọ náà, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí abọ́ omi, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú oko yóò jó bíi bébà, eérú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Sẹ́dà yóò rùn bí irun tó jóná. Pólíẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì di kókó líle. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kán sí yín lọ́wọ́, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Ní ti àwọn tó ń fi oṣù ìbí yan àwọ̀ fún yín, àti àwọn tó ní aṣọ tó bá ti jáde nínú fọ́tò lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé wọ̀ mọ́, n kò ní ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ.

Ọmọbìnrin kan ń múra ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀. Ó ti ń tọ́jú owó tipẹ́ kó tó ra sátíìnì aláwọ̀ ewé kan, aṣọ tó dára lóòótọ́, ó sì mú àwòrán kaba tó bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ dé kókósẹ̀ wá. Mo sọ fún un pé bias ni, pé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó, mo sì sọ iye tó yẹ kó fi kún un. Kò fi kún un. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, tó ti orí fóònù kọ́ iṣẹ́ aṣọ, ti sọ pé yóò tó. Ọmọ náà tẹ́ sátíìnì náà ní òòró kó lè tó lóòótọ́, ó gé e mọ́ ara gbágbá, ààyè tó fi sílẹ̀ létí ojú rírán kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, ọmọbìnrin yìí wọ̀ ọ́ láti dán an wò. Ó dúró, kò sí nǹkan. Ó jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì là láti ìgbáròkó wá sí itan.

Ó gbé e wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òwú tí wọ́n fi rán an kò já o. Òwú aṣọ náà gan-an ló ti yọ̀ kúrò nídìí rírán, ó ń tú jáde tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí nǹkan kan létí rẹ̀ tí mo lè dì mú. Ohun tó wá dá kún ìbínú mi ni pé wọ́n ti sọ fún un pé ojú ayé ló ba aṣọ náà jẹ́, nítorí pé ó ti fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé ojú ibi tó ya, mo fi ìrìn òwú hàn án, mo ní kó fà á ní òòró, kó fà á ní ìdábùú, títí tó fi rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti abíyá dé ilẹ̀, mo fi aṣọ aláwọ̀ tó dúdú jù ú lọ kún un, mo lẹ stay, ìyẹn aṣọ tí a fi ń gbé aṣọ ró láti inú, sẹ́yìn gbogbo ibi tó ti ń tú, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ, wọ́n sì yìn ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kaba inú àwòrán náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ì bá di búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì tó dára, tí ó bá gbọ́ tèmi, ti bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan láti orí pèpéle, ẹ mú ẹyọ kan: ọrùn aṣọ náà, apá rẹ̀, tàbí àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí aránṣọ gbé e sórí aṣọ tó bá ojú ọjọ́ ibi tí ẹ wà mu. Ẹ gbé àwòrán wá kí ẹ tó ra aṣọ, kí ẹ sì wá àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ kún ti iwájú. Aṣọ òwú àti aṣọ ọ̀gbọ̀, ẹ rẹ wọ́n sínú omi kí ẹ sá wọn gbẹ kí ẹ tó kó wọn wá, nítorí wọ́n máa ń sún kì. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń bọ̀ wá wọ kaba gígùn wò, bàtà tí ẹ óò fi wọ̀ ọ́ gan-an ni kí ẹ wọ̀ wá, nítorí mo gbọ́dọ̀ mọ bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó kí n tó ṣẹ́ etí rẹ̀.