Owó tó ń wọlé fún ejẹ́ǹtì ilé ní ìlú Èkó

Ejẹ́ǹtì ilé ní Èkó ni ẹni tó ń bá onílé wá ayálégbé tàbí ẹni tó máa ra ilé, tó sì ń mú àwọn tó ń wá ilé kiri. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó oṣù. Kọmíṣọ́ọ̀nù ni wọ́n ń jẹ: bí ilé bá lọ, owó dé; bí kò bá lọ, owó ọkọ̀ àti owó dátà ti wọgbó nìyẹn.

Ìdá mẹ́wàá owó ilé ọdún kan ló wọ́pọ̀ fún ejẹ́ǹtì, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àdéhùn láàárín onílé àti ayálégbé. Ayálégbé ló ń san méjèèjì. Bí mínì fúláàtì kan bá jẹ́ ₦1,000,000 lọ́dún, ₦100,000 ni ti ejẹ́ǹtì, ₦100,000 ni ti àgírímẹ́ǹtì, yàtọ̀ sí kọ́ṣọ̀n tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Iṣẹ́ lọ́yà ló yẹ kí àgírímẹ́ǹtì jẹ́, àmọ́ àwọn ejẹ́ǹtì kan ní ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Orúkọ àti déètì ni wọ́n kàn ń pààrọ̀.

₦100,000 yẹn kì í sábà wọ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ejẹ́ǹtì tí onílé gbé ilé lé lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì. Òun á sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn á ju fọ́tò ilé sórí WhatsApp, ẹlòmíràn á tún gbé e lọ sí gúrúùpù míì. Bí oníbàárà bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kẹrin wá, àwọn mẹ́rin ló máa pín in: ₦25,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan bó bá dọ́gba, kì í sì í sábà dọ́gba, torí dáírẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́kọ́ bù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gé nọ́ńbà ilé kúrò nínú fọ́tò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa gba ẹ̀yìn wọn lọ síbẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó múni lọ wo ilé ló ń gbé ẹlòmíràn ró láàárín ọ̀sẹ̀.

Àdúgbò pẹ̀lú ń sọ iye tó máa kù. Ìdá kan náà ni ní Ìkòròdù àti ní Lẹ́kkí, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́ọ̀nù ilé kan tó jẹ́ ₦10,000,000 lọ́dún ní Lẹ́kkí tó ti mínì fúláàtì mẹ́wàá irú ti òkè yẹn.

Ní ti ilé tàbí ilẹ̀ títà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀. Ilé ₦60,000,000 á mú ₦3,000,000 wá, bí ẹjọ́ ẹbí tàbí wàhálà ọmọ onílẹ̀ kò bá da ọjà náà rú.

Nígbà tí ayálégbé bá sanwó ọdún kejì, ejẹ́ǹtì kì í sábà rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi tó bá ń bójú tó ilé fún onílé, tó sì ń gba ìdá tirẹ̀ nínú owó tó bá gbà.

Láti 1975 ni òfin ti fi àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìdíyelé àti àbójútó ilé ní ilé ẹ̀kọ́ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Ejẹ́ǹtì ìgboro kò sí nínú wọn. LASRERA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń ní kí àwọn yẹn wá forúkọ sílẹ̀. Àbá òfin ilé gbígbé tí wọ́n gbé wá ní 2025 fẹ́ kí owó ejẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí mínì fúláàtì òkè yẹn, ₦50,000 nìyẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.