Onírúurú ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì ẹran ọ̀sìn ní àríwá Nàìjíríà

Orúkọ kan ṣoṣo ni à ń pe àrùn ẹnu-àti-pátákò (àwọn Hausa àti Fúlàní ní boru), ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á pín sí ẹ̀yà méje: O, A, C, Asia 1, SAT 1, SAT 2 àti SAT 3. Wọ́n ti bá O, A, SAT 1 àti SAT 2 lára màlúù ní Nàìjíríà. Màlúù tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára O kò ní ààbò kankan lọ́wọ́ SAT 2. Nínú ẹ̀yà kan náà pàápàá, ìdílé kan lè yàtọ̀ sí èkejì débi pé abẹ́rẹ́ tó dá èyí dúró kò ní ràn tọ̀hún.

RNA, èròjà tí fáírọ́ọ̀sì yìí fi kọ ìtọ́ni ara rẹ̀, ni àbùdá rẹ̀, kò sì gùn: lẹ́tà bí 8,400 péré. Bó ṣe ń da ara rẹ̀ kọ nínú ara ẹran ló ń ṣi lẹ́tà kọ, kò sì ní ohun tó ń padà tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ àṣìkọ yìí kò já mọ́ nǹkan. Àwọn kan ló ń pa ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì dà, tí ẹ̀jẹ̀ màlúù kò fi ní dá a mọ̀ mọ́.

Bó bá mú màlúù, ara á gbóná, ahọ́n á lé ròrò, itọ́ á máa ṣe yọ́ọ́, ẹran á máa tiro. Àgbà màlúù kì í sábà kú, àmọ́ wàrà rẹ̀ á dínkù. Ọmọ màlúù ni àrùn náà máa ń bá jà dé ọkàn, tó sì ń pa. Dókítà ẹran á gé awọ ròrò tó bẹ́ lórí ahọ́n, á kó o sínú ìgò, á tẹ́ ẹ sórí yìnyín, ó di Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà láti 1924. Wọ́n tún máa ń fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí Pirbright ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí èsì tó dé, agbo ẹran ti lè kúrò níbi tí wọ́n ti gé e.

Ìrìn yìí gan-an ló le jù. Ní kara (ọjà màlúù) Deidei l'Abuja, níbi tí alápatà Yorùbá ti ń bá dìlálì (alágbàtà) Hausa nájà, màlúù láti orílẹ̀-èdè Chad àti Niger àti láti Borno lè jọ so mọ́ èèkàn kan. Òmíràn á tún wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹran tó ti gbádùn pàápàá lè gbé fáírọ́ọ̀sì pamọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ààbò abẹ́rẹ́ kì í sì í pẹ́. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, a ó tún gún un.

Rinderpest, àrùn màlúù mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tó pa màlúù lọ rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, le ju boru lọ fíìfíì, síbẹ̀ òun ni ayé rí ṣẹ́gun, ní 2011. Abẹ́rẹ́ kan ló ká gbogbo ìdílé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó.

Àrùn adìyẹ H5N1, tó kọ́kọ́ wọ Áfíríkà ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna, ní 2006, tún padà wá ní 2015, ìdílé mìíràn ló sì gbé wá.

Kata, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn, súnmọ́ rinderpest ju boru lọ. Ìdílé mẹ́rin ló ní, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára ewúrẹ́ ní Nàìjíríà ní 1975, tí wọ́n ń pè ní Nigeria 75/1, ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àjọ àgbáyé ń lépa láti pa á rẹ́ tó bá di 2030. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu kiri ní Nyanya l'Abuja ṣì wà lẹ́yìn: kì í sábà rí abẹ́rẹ́.