Bí ẹ̀sùn àti ìráhùn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà dé ọ́fíìsì, yálà ní Ọ̀yọ́ ni o tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè fẹ̀sùn kan akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì lè ní ohun tó ń dùn ún tó fẹ́ kí wọ́n bá òun yanjú. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn fún ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ṣùgbọ́n ìwé ló ń sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì. Ẹni tó kàn fẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ka ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan lójú ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ ìbúra mátíríkúléṣọ̀n ni òfin ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti fọwọ́ sí i pé òun yóò pa ìlànà ilé ẹ̀kọ́ mọ́, nítorí náà "n kò mọ̀" kì í ṣe àwíjàre mọ́. Ìwé ìlànà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pín lásìkò náà ni ọ̀pọ̀ ń jù sísàlẹ̀ àpótí. Kò pọn dandan kí èèyàn há a sórí. Àmọ́ ó yẹ kó ka ojú ewé tí wọ́n to ẹ̀ṣẹ̀ àti ìyà sí, èyí tó sọ iye ìjókòó ní kíláàsì (ìdá 75 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ṣe ìdánwò), àti èyí tó sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àìmọ iye ọjọ́ yìí ló ń pa ẹjọ́ tó dára jù.

Ìrẹ́jẹ nínú ìdánwò wà lára ẹ̀sùn tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí jù. Olùṣọ́ ìdánwò á gba ohun tó rí, ì báà jẹ́ bébà kékeré, fóònù, tàbí ìkọ̀wé lára aṣọ, á sì pe olùṣọ́ mìíràn kó wá fojú rí i. Wọ́n á mú fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn jáde. Orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, kóòdù iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀, aago àti ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, á sì fọwọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á tún fún un ní bébà ìdáhùn tuntun kó parí ìdánwò náà, nítorí wọn kò tíì dá a lẹ́bi.

Ibẹ̀ gan-an ni ìpayà ti ń ba nǹkan jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé bébà náà sẹ́nu, á fà á ya, tàbí kó ré fèrèsé kọjá. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni ìwé ìlànà púpọ̀ ka bíba ẹ̀rí jẹ́ sí, ìyà rẹ̀ sì lè le ju ti bébà tó jẹ lọ. Ẹni tó kọ̀ láti kọ fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ti sọ àyè àkọ́kọ́ tó ní nù, nígbà tí gbogbo ẹni tó rí i ṣì wà nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tí kò jẹ̀bi ló tiẹ̀ yẹ kó kọ ọ́ kún jù: ibi tí bébà náà wà nígbà tí wọ́n rí i, nọ́ńbà ìjókòó, ẹni tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ní ti ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn, lílé kúrò pátápátá ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, òun àti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kúẹ́rì ń dé, ìyẹn lẹ́tà tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ lórí ẹ̀sùn náà. Wákàtí 48 tàbí 72 ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti dáhùn, ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ìwé náà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé. Kó kọ ọjọ́ àti aago tí ìwé náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀. Kó fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀ nínú èsì: èyí tó gbà, èyí tí kò gbà, ẹni tó lè jẹ́rìí, ìwé tó fi kún un. Ẹ̀dà méjì ni kó gbé lọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì á gba ọ̀kan, á sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sí èkejì, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú padà lọ.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí àgbà bá ń bínú, kí ọmọ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ ná, bí kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Nínú ilé, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Nínú èsì kúẹ́rì, ewu ni. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ èṣù ni", ìgbìmọ̀ yóò kà á sí ìjẹ́wọ́, àlàyé tó bá sì tẹ̀ lé e kò ní wọlé mọ́. Bákan náà ni kíkó àgbà àdúgbò, pásítọ̀ tàbí àfáà lọ sílé ọ̀gá ẹ̀ka lálẹ́. Kò sí ohun tí yóò tibẹ̀ wọnú fáìlì, ó sì lè sọ ọ̀gá náà di ẹni tí kò lè dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ̀yìn ìdájọ́ ni àyè ẹ̀bẹ̀ wà: wọ́n lè kọ̀wé pé kí ìyà dínkù, kí lẹ́tà òbí sì tẹ̀ lé e.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fìdí ohun kan náà múlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà fún akẹ́kọ̀ọ́ yékéyéké, kí wọ́n fún un láyè láti múra, kó rí ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ lò, kó sì lè bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọ̀ràn náà kàn kò gbọ́dọ̀ jókòó bí adájọ́. Ohun tó da ẹjọ́ Yunifásítì Màídúgùri, tó lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lórí rògbòdìyàn kan, rú ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 1986 nìyẹn: igbákejì ọ̀gá àgbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́. Ilé ẹjọ́ tún sọ pé bí ẹ̀sùn bá ti di ti ìwà ọ̀daràn, bíi dídáná sunlé tàbí olè, ilé ẹjọ́ ló lè dá èèyàn lẹ́bi rẹ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀yọ́ ní ohun kan tó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ ìbáwí fi sọ́kàn, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà níbẹ̀, adití àti afọ́jú sì wà lára àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Adití tí wọ́n pè síwájú ìgbìmọ̀ láìsí ògbufọ̀ èdè ọwọ́ kò tíì gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀, bó ti wù kí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i gùn tó. Ògbufọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Kí afọ́jú gba kúẹ́rì tirẹ̀ ní bréèlì, tàbí kí ẹni tó fọkàn tán kà á fún un, kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí 48 náà lé e lórí.

Ìgbìmọ̀ ìbáwí kì í fúnra rẹ̀ léni kúrò. Àbá ló ń dá, Sẹ́néètì ní yunifásítì tàbí ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á sì fọwọ́ sí i. Ìyà lè jẹ́ lẹ́tà ìkìlọ̀, sísan owó ohun tó bàjẹ́, rọ́sítíkéètì (dídá akẹ́kọ̀ọ́ dúró) fún sáà kan tàbí méjì, tàbí lílé kúrò pátápátá. Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn á kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ olùdarí láàárín ọjọ́ tí ìwé ìlànà dá. Kò yẹ kó fo ìpele yìí lọ sí kóòtù. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tí Yunifásítì Ìlọrin lé pé ó ti yára jù, nítorí kò tíì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú ilé ẹ̀kọ́ kó tó lọ sí kóòtù.

Ní ti ìráhùn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, èsì ìdánwò tó sọnù ló wọ́pọ̀. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà olùdámọ̀ràn kíláàsì, ọ́físà ìdánwò ẹ̀ka, ọ̀gá ẹ̀ka, kó tó kan dín-ìn, ìyẹn olórí fákọ́tì tí ẹ̀ka náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń tú ọ̀rọ̀ náà: fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ẹ̀rí owó ilé ẹ̀kọ́, àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé ìjókòó tó fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ "èsì tó sọnù" kò sọnù rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ nọ́ńbà rẹ̀ ṣì, tàbí kó má forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí pọ́tà, ìyẹn ojú òpó ayélujára ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá dúró di ọdún tó fẹ́ jáde kó tó béèrè yóò rí i pé olùkọ́ náà ti lè kúrò, àwọn bébà ìdáhùn sì ti lè di ohun tí wọ́n sun.

Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ń fi máàkì wá ìbálòpọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má gba ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì dín-ìn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà. ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, náà wà: àwọn ló gbé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo lórí irú ẹ̀sùn yìí, ó sì dé ẹ̀wọ̀n ní 2018. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́, kódà èyí tó ń tì í lójú. Kí ọjọ́ àti nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́ hàn lára rẹ̀.

Bí gbogbo ọ̀nà inú ilé ẹ̀kọ́ bá ti dí, Public Complaints Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ìráhùn ará ìlú, tó ti wà láti 1975, ń gba ìráhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í gba èyí tó ti wà ní kóòtù, wọn kì í sì gba èyí tó ti kọjá oṣù 12. Wọ́n á béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí ilé ẹ̀kọ́, èyí tó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lára.