Bí Obìnrin Ṣe Wọ Ọ́fíìsì Aládàáni ní Sáúdí Arábíà

Nígbà tí Lubna Olayan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Olayan Financing Company ní Riyadh lọ́dún 1983, òun nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjìdínlógún kí obìnrin mìíràn tó wá bá a. Láàárín ìgbà náà, ó ti di ọ̀gá àgbà láti 1986, ó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rọ Coca-Cola sínú ìgò, tó ń ta oúnjẹ Burger King, tó sì ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan mìíràn, síbẹ̀ kò sí obìnrin kan nínú àwọn tó ń jíṣẹ́ fún un. Bí ìyẹn ṣe yí padà ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sọ ti ọba àti àṣẹ ọba nìkan, wọ́n á gbàgbé àwọn tó jókòó ti fáìlì òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí obìnrin yóò fi rí iṣẹ́, tí iṣẹ́ náà ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín: ọmọ olówó ni Lubna. Suliman Olayan, bàbá rẹ̀, bá àwọn Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ níbi epo rọ̀bì kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1947, nígbà tó gba iṣẹ́ lára ọ̀pá epo tí wọ́n fẹ́ rì láti ìlà-oòrùn Sáúdí dé etíkun Lẹ́bánónì. Ọmọ náà kàwé ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Cornell, ó gboyè ìkejì nínú ìmọ̀ okòwò ní Indiana, ó ṣiṣẹ́ báńkì ní New York, kó tó padà wálé wá di olùrànlọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ni ilé, kò sẹ́ni tí yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ṣe nígbà tó wọlé tán ni mo kà sí.

Òfin pàápàá ò gbè sẹ́yìn obìnrin. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba Sáúdí ṣe lọ́dún 1969 sọ ọ́ kedere, ní abala 160, pé ọkùnrin àti obìnrin ò gbọdọ̀ dàpọ̀ níbi iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn ọmọbìnrin, ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn àlùfáà ló sì wà títí di 2002. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde níbẹ̀ padà di olùkọ́ àwọn ọmọbìnrin, àwọn díẹ̀ di dókítà. Ní nǹkan bí 1980, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀ka tí obìnrin nìkan ń wọ̀, torí pé owó wà lọ́wọ́ obìnrin: Ìsìláàmù fún un ní ìpín nínú ogún, owó rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé-kéwú ló mọ̀ pé oníṣòwò ni Khadijah, ìyàwó Ànábì, òun ló sì gba Ànábì síṣẹ́ láti bá a kó ọjà lọ sí Síríà kí wọ́n tó fẹ́ra. Lójú tèmi, àṣà àti òfin ìjọba ló sé ọ̀nà mọ́ obìnrin ní Riyadh ju ẹ̀sìn lọ.

Lọ́dún 2001, ilé-iṣẹ́ Olayan bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin Sáúdí síṣẹ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Níbo lobìnrin yóò jókòó? Nígbà yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní yàrá tó dá yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ibi tí yóò ti kírun. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ́ ọ fún látilẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin kankan nínú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe débi iṣẹ́, nígbà tí obìnrin ò gbọdọ̀ wakọ̀, tí kò sì sí bọ́ọ̀sì tó ṣeé gbára lé? Ta ló fọwọ́ sí i nílé? Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í gba obìnrin bí bàbá, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ò bá kọ ìwé pé òun yọ̀ǹda. Ọlọ́pàá ẹ̀sìn sì lè yọ sí ọ́fíìsì nígbàkígbà. Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ wàhálà yóò kàn sọ pé kò sáyè. Èmi ò rò pé gbogbo wọn ló kórìíra obìnrin o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣírò owó kíkọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti owó dírẹ́bà, wọ́n sì mú ọkùnrin.

Ní oṣù kìíní ọdún 2004, Lubna ló sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde níbi àpérò ọrọ̀-ajé ní Jeddah, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló wà níbẹ̀. Ìborí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àwòrán rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Mùfútì àgbà orílẹ̀-èdè náà fi ìbínú bu ẹnu àtẹ́ lu àpérò náà. Kó tó di ìparí ọdún yẹn, wọ́n yan Lubna sí ìgbìmọ̀ olùdarí Saudi Hollandi Bank, kò sì sí obìnrin tó ti wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ń ra ìpín nínú rẹ̀ ní Sáúdí.

Òfin iṣẹ́ tuntun dé lọ́dún 2005, gbólóhùn tó ka dídàpọ̀ léèwọ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mínísítà iṣẹ́, Ghazi Al-Gosaibi, pàṣẹ pé obìnrin ni kó máa ta àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rò ó wò: ní ìlú tí ọkùnrin àti obìnrin ò gbọdọ̀ jókòó pọ̀, ọkùnrin àjèjì lobìnrin ń sọ ìwọ̀n kọ́mú rẹ̀ fún. Síbẹ̀ àwọn àlùfáà fárígá, àṣẹ náà sì kú síbẹ̀. Reem Asaad, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣúná ní Jeddah, ló gbé e dìde padà: ó ní kí àwọn obìnrin má ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù tí ọkùnrin ti ń tà á. Lọ́dún 2011 ọba Abdullah fọwọ́ sí i, ó sì di dandan ní oṣù kìíní ọdún 2012.

Ọdún 2011 yẹn náà ni ètò Nitaqat bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ń ka iye ọmọ Sáúdí tó wà nínú ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi àwọ̀ sàmì sí i. Ẹni tí ọmọ Sáúdí rẹ̀ kò bá tó, tó bọ́ sí pupa, ò ní lè tún físà àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ wá di ti ìṣirò. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ wò yíká, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tó jáde ní yunifásítì tí wọ́n ń wáṣẹ́ pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọdún yẹn gan-an ni Khalid Alkhudair dá Glowork sílẹ̀, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí obìnrin ti ń wáṣẹ́. Mo gbà pé Nitaqat ṣílẹ̀kùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni sọ ní Jeddah lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ní yàrá obìnrin nílẹ̀ ló tètè rí i ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló pẹ́ jù. Ìjọba dá ètò Wusool sílẹ̀, tó ń san apá kan owó ọkọ̀ àwọn obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, obìnrin gba ìwé ìwakọ̀. Lóṣù tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti mú Loujain al-Hathloul àti àwọn mìíràn tó jà fún un. Oṣù kejì ọdún 2021 ni Loujain tó kúrò lẹ́wọ̀n. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ lórí àṣeyọrí yìí kì í dárúkọ wọn.

Lubna fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ lọ́dún 2019. Ọdún yẹn ni báńkì tó wọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní 2004 dara pọ̀ mọ́ Saudi British Bank, ó sì di alága rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ alága báńkì ní Sáúdí. Ìjọba ti fi ṣe àfojúsùn pé, tó bá fi máa di 2030, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó tó ṣiṣẹ́ yóò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wọ́n máa wáṣẹ́. Ìparí 2020 ni wọ́n ti kọjá rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n tún òfin iṣẹ́ ṣe: agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe ìyàtọ̀ mọ́, yálà nínú ìgbanisíṣẹ́ tàbí nínú ìpolówó iṣẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ lé obìnrin tó wà ní ìsinmi ìbímọ.